Kí A Tó Gé Irin: Ìtàn Àrà Tí Wọ́n Ń Fi Alùpùpù Àtijọ́ Dá

Nígbà tí à ń múra ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá yìí, ọ̀kan nínú wa gbé alùpùpù Honda CG125 tí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ wá fún ẹgbẹ́. Ó ní ká tún un ṣe, kó máa ṣáájú wa lọ́jọ́ tí a bá wọ́de. Àbá pọ̀ nípàdé. Àwọn kan ní ká gé ìdí rẹ̀ kúrú, àwọn kan ní ká na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bíi ti inú fíìmù. A ti fẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ pe wẹ́dà kí ẹnìkan tó béèrè pé: níbo làwọn àrà wọ̀nyí ti wá gan-an? Ìbéèrè yẹn ló bí ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, àwọn tó ń gun Harley-Davidson àti Indian níbẹ̀ rí i pé alùpùpù wọn wúwo jù. Wọ́n tú irin tó bo táyà iwájú, wọ́n gé ti ẹ̀yìn kúrú, wọ́n sì yọ ohunkóhun tí kò bá kún eré rẹ̀. Èyí ni bobber. Nígbà tí ogun parí ní 1945, tí àwọn ológun ń ta alùpùpù tí wọn kò lò mọ́, àrà náà gbilẹ̀ sí i. Kì í ṣe fáàrí ló bí i, ìwúwo ni wọ́n ń dín kù.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Ace Cafe ní 1938 lójú ọ̀nà North Circular. Bọ́ǹbù wó o nígbà ogun, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1949. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ alálùpùpù ti ń pàdé. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí alùpùpù wọn lè sá 100 máìlì láàárín wákàtí kan. Wọ́n rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sún ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sẹ́yìn, kí ẹni tó ń gùn ún lè dọ̀bálẹ̀ lórí táńkì kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Àwọn kan gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú egungun Norton, wọ́n pe ọmọ náà ní Triton. Café racer nìyẹn. Àwa tí ẹ̀yìn ti ń dùn, ẹ jẹ́ ká ro ti ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dáadáa!

Chopper ni èyí tó ní ẹsẹ̀ iwájú gígùn. California ló ti gbajúmọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, fíìmù Easy Rider tó jáde ní 1969 ló sì gbé e káyé. Aláwọ̀ dúdú méjì, Cliff Vaughs àti Ben Hardy, wà lára àwọn tó ṣe alùpùpù inú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó gbọ́ orúkọ wọn. Àrà náà wu ojú, àmọ́ ọrùn alùpùpù ni wọ́n máa ń gé, kì í sì í fẹ́ yí kọ́nà kúkúrú.

Kí wá ni ti CG125 wa? Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni Honda gbé e jáde fún ilẹ̀ tí eruku ti pọ̀, tí mẹkáníìkì sì jìnnà. Wọn kò fi ṣéènì sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, kó má baà máa fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́. Wọ́n bo ṣéènì ìta náà pa. Àwọn tó ń fi irú rẹ̀ gbérò la wá ń pè ní ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lára ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Àwọn baba wa náà sì dá àrà tiwọn: wọ́n jó irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi gbẹ́rù, wọ́n fi irin dáàbò bo ẹsẹ̀ níwájú.

Ibi tí a ka ìtàn dé nìyí tí ọmọ olóògbé fi dìde, tó fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn alùpùpù náà. Irin yẹn gan-an la ti ní ká gé sọnù. Ó ní, "Orí irin yìí ni apẹ̀rẹ̀ obì tó san owó ilé ìwé mi jókòó sí." Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ wẹ́dà.

Ohun tí a kọ́ ni pé iṣẹ́ ló ń bí àrà. Kí a tó yan èyíkéyìí, ká kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí alùpùpù ti ṣe àti èyí tó kù tí yóò ṣe. Ohun tí a fi nọ́ọ̀tì dè ṣeé tú, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ayùn gé, ó di gígé. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì, búréèkì àti táyà la tún ṣe. A kun táńkì ní àwọ̀ ẹgbẹ́. Irin ẹ̀yìn wà níbẹ̀ sibẹ̀, apẹ̀rẹ̀ obì la ó sì gbé lé e lónìí.

Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá rí i tó ń bọ̀, ẹ bá wa kí bàbá. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé o. Àṣẹ.