Ọ̀rọ̀ Faransé Nínú Ijó Onígun Mẹ́rin

Àwa tí a kọ́ èdè Faransé kò ní ṣàì dá ọ̀rọ̀ mélòó kan mọ̀ nínú ijó Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní square dance. Takọtabo mẹ́rin a dúró yí ká, méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù a tẹríba fún ẹnìkejì rẹ̀, apèjó a sì máa ké ìṣísẹ̀ tí ó kàn. Bí ó bá ké «do-si-do», ẹni méjì a rìn yí ara wọn ká láìyíjú padà, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn: dos-à-dos ni. Chassé di «sashay». Promenade kò tilẹ̀ yí padà. Ọ̀dọ̀ quadrille àti cotillon ni wọ́n ti jogún wọn.

Olùkọ́ ijó ni ó ń kọ́ àwọn ọlọ́lá ní ìṣísẹ̀ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ta gòjé òyìnbó níbi àríyá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ké e sétí oníjó. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí olùkọ́ rí náà lè jó. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1920, Henry Ford gbé ijó yìí lárugẹ láti fi dènà jazz, orin àwọn aláwọ̀ dúdú, bí ẹni pé ohùn wọn kò sí nínú rẹ̀.