Ìtàn -ra àti -se nínú Èdè Sípéènì, pẹ̀lú Ìtọ́kasí sí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Bouaké

Nínú bébà yìí, a fẹ́ fi ojú ìtàn wo ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì tí à ń pè ní imperfecto de subjuntivo, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ èdè náà ní Côte d'Ivoire. Ní ọdún kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n ń pè ní quatrième, ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń yan èdè Sípéènì tàbí ti Jámánì. Ọmọ ará Èjìgbò tí a bí sí àdúgbò Kennedy ní Bouaké yóò ti máa gbọ́ Yorùbá nílé, Júlà lọ́jà àti Faransé ní kíláàsì kí ó tó dé ibẹ̀. Faransé ni a sì fi ń ṣàlàyé Sípéènì fún un. Èrò wa ni pé ọ̀nà náà jìn ju bó ti yẹ lọ.

Ìhun rẹ̀ kò le. A ó mú ẹni kẹta ọ̀pọ̀ nínú àsìkò tó ti kọjá, a ó yọ -ron kúrò, a ó fi -ra tàbí -se rọ́pò rẹ̀: hablaron di hablara tàbí hablase, vendieron di vendiera tàbí vendiese, vivieron di viviera tàbí viviese. Ẹni kìíní ọ̀pọ̀ nìkan ló ń gba àmì lórí, bíi habláramos. (Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé sílébù tí a tẹnu mọ́ ni àmì yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohùn òkè.)

Ìrísí méjèèjì kò ti orísun kan náà wá. Amavissem ti Látìn, tí í ṣe subjuntivo láti ìpilẹ̀, ni ó bí -se. Amaveram ni ó bí -ra, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni 'mo ti fẹ́ràn ṣáájú ìgbà náà'. Kò sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ṣì wà nínú Cantar de mio Cid ní nǹkan bí 1200, ó sì wà lára amara títí dòní nínú Potogí tí a ń kọ sílẹ̀. Ní Sípéènì, -ra kọ́kọ́ wọ inú olórí awẹ́ gbólóhùn tó ń sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣẹlẹ̀; lẹ́yìn náà ló wọ inú awẹ́ gbólóhùn oní-si. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kò ṣàjèjì kí -ra wà nínú awẹ́ méjèèjì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá:

(1) Ìbá ṣe pé mo ta ilé náà, ǹ bá ra ọkọ̀.
(2) Si vendiera la casa, compraría un coche.
(3) Si je vendais la maison, j'achèterais une voiture.

Nínú (3), ìrísí tí Faransé ń lò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni vendais. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá a máa kọ *si vendía. Bí a bá wá dá èdè abínibí rẹ̀ lẹ́bi, ẹ̀sùn náà kò tọ́, torí Yorùbá ya 'n ó ra ọkọ̀' sọ́tọ̀ kedere sí 'ǹ bá ra ọkọ̀'. Níbi tí ó bá ti gbọ́ ǹ bá, kí ó fi -ra tẹ̀lé si.

Ibi tí Yorùbá kò ti ranni lọ́wọ́ ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi 'fẹ́'. 'Mo fẹ́ kí o kọrin' ni à ń wí, ì báà ṣe ti òní tàbí ti àná, ṣùgbọ́n quiero que cantes yàtọ̀ sí quería que cantaras. Faransé pàápàá, tó ní que tu chantasses nínú ìwé, ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibẹ̀ ló yẹ kí àkókò kíláàsì pọ̀ sí, kì í ṣe lórí kíkọ́ -ra àti -se lákọ̀ọ́sórí, nígbà tó jẹ́ pé -ra ló gbòde lẹ́nu àwọn elédè náà, pàápàá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.