Káàdì Tó Ti Ìmẹ̀sí-Ilé Dé Ìkòròdú

Bí ẹ bá yà sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ẹ ó bá àwọn ìyá lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ọmọ á figbe ta, nọ́ọ̀sì á kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. Ó parí.

Ta ló kọ́kọ́ ronú irú káàdì yẹn? Ọ̀pọ̀ wa á ní Geneva ni, tàbí London. Rárá o. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan ní agbègbè Iléṣà.

Lọ́dún 1956 ni dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí wọ́ọ̀dù kó máa dúró de ọmọ tó ti ń kú lọ. Òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń tọpa àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́ àti èéyi, tí àwọn dókítà ń pè ní measles, ló ń pa wọ́n. Ohun tí wíwọn ọmọ lóṣooṣù jẹ́ kí wọ́n rí ni pé ọmọ kì í ṣàdédé rù. Ìwọ̀n rẹ̀ á ti kọ́kọ́ dúró sójú kan kí ojú ìyá tàbí ti nọ́ọ̀sì tó rí i.

Bí káàdì náà ṣe wáyé nìyẹn. Ìlà méjì ló gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ojú títì tó ń gun òkè. Oṣooṣù ni nọ́ọ̀sì ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí i. Bí àmì náà bá ń gun òkè, ara le. Bó bá dúró tàbí tó ń wálẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bójú tó iṣẹ́ náà ju dókítà lọ. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi káàdì sí, nínú ọ̀rá, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé.

Àwọn ìyá wa kúkú ti ní òṣùwọ̀n tiwọn ṣáájú. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni. Bó bá ń há, ọmọ ń sanra. Bó bá ń yọ̀, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìyá. (Lọ́dún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlà tuntun jáde láti ara àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Ghana wà níbẹ̀. Àwa kò sí.)

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìṣirò tí wọ́n máa ń lò sọ pé nǹkan bí 150,000 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, àmì rẹ̀ lè wà láàárín ìlà méjèèjì. Lọ́tùn-ún, egungun á máa ro ó, kò ní lè lọ síléèwé. Ẹ tún orúkọ àrùn náà pè: ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti wọn ohun tí káàdì ò lè wọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, James Varni àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. PedsQL ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2001 ní ìbéèrè 23: lórí ara, lórí ọkàn, lórí bí ọmọ ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe, àti lórí iléèwé. Wọ́n á yí ìdáhùn padà sí máàkì láti 0 dé 100. Lọ́dún 2011 ni tàwọn ọmọ ọwọ́ tẹ̀ lé e, láti oṣù 1 sí 24. Òbí ló ń dáhùn, nítorí ọmọ ò tíì lè sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà tiwa náà ti ń lo PedsQL fún àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ìṣòro wà níbẹ̀ o. Ìbéèrè kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣòro fún ọmọ láti rìn ju “block” kan lọ. Lọ́dọ̀ wọn, láti ìkóríta kan sí èkejì nìyẹn. Ní Ìkòròdú, búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé! Ẹ ní láti sọ ọ́ di “láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì” kó tó yé ìyá.

Èyí tó le jù ni ti “a dúpẹ́.” Ẹ bi ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ pé, “Ọmọ ńkọ́, mà?” Á ní, “A dúpẹ́,” bí ọmọ ò tiẹ̀ sùn mọ́jú. Kì í ṣe irọ́, ìkíni ló dáhùn. Tí nọ́ọ̀sì bá kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ìdáhùn, máàkì ọmọ á dára, ara ọmọ ò ní dára. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́n á bi í lọ́nà míì: “Ìyá Wálé, ṣé ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lánàá?” Ìyá á dákẹ́ díẹ̀, á wo ọmọ lẹ́sẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lórí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyè wà fún ìwọ̀n, àyè wà fún abẹ́rẹ́. Ohun tó ń sọ yẹn ò ní àyè níbẹ̀.