Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Orí Òkè Yìnyín

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé rí lásìkò òjò, níbi tí ilẹ̀ náà ti di àwọ̀ ewé, mọ̀ pé ènìyàn a ti wà nílẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ń ṣubú. Ẹ wá fi ojú inú wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ó dagun bí òrùlé, tí gígùn rẹ̀ tó máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí igi sì tò lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí.

Ní ilẹ̀ òtútù, òjò a máa dì kí ó tó balẹ̀, a sì funfun bí òwú. Àwọn ènìyàn a de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì, tí wọ́n ń pè ní síkì, mọ́ bàtà, wọn a sì máa yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè. Eré ni fún ẹni tí ó sanwó wá. Òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ a máa rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹni tí ó bá ṣubú lé e a gbọn ara rẹ̀, a dìde. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ́ ọ lọ́sàn-án, tí òtútù sì tún mú un lóru, a di yìnyín tí ó le bí òkúta, tí ó ń dán bí dígí. Ní 1926 ni Rudolf Lettner, ará Salzburg ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, gba ìwé àṣẹ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ etí síkì, kí ó lè máa gé yìnyín bí ọ̀bẹ. Irin náà ran ènìyàn lọ́wọ́ púpọ̀. Ó sì tún kì wọ́n láyà láti máa sáré jù ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Charles Minot Dole, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1936, ó ṣubú lórí òkè kan ní Stowe, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí ohun tí a fi lè gbé e. Páànù ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, àní irú páànù tí a fi ń bo ilé, òun ni wọ́n tẹ́ ẹ lé, tí wọ́n fi wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Frank Edson wà lára àwọn ọ̀rẹ́ náà. Oṣù kẹta ọdún kan náà kò tíì parí tí Edson fúnra rẹ̀ fi kú nínú eré ìje síkì.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Dole dé egungun. Ẹgbẹ́ eléré síkì kan ní New York ní kí ó wádìí ohun tí ń fa jàǹbá, ó sì kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn kan fèsì pé ojo ni. N kò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ibi gbogbo láyé ni a ti ń pe ẹni tí ó bá ní kí a ṣọ́ra ní ojo. Dole kò dáhùn. Ní 1938, nígbà tí ìdíje ńlá kan wáyé ní Stowe, ó to àwọn ẹ̀ṣọ́ sí ojú ọ̀nà. Roger Langley, ààrẹ ẹgbẹ́ síkì gbogbo Amẹ́ríkà, rí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ ni National Ski Patrol ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà dáadáa. Bí ẹnìkan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ̀ṣọ́ a mú ohun kan tí ó jọ ọmọlanke tí kò ní táyà, a tẹ́ aláìsàn sínú rẹ̀, a dè é mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a wà láàárín ọ̀pá méjì níwájú, síkì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹrù wà lẹ́yìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú. Lórí òjò dídì rírọ̀, ó lè dá a dúró. Lórí yìnyín, ẹrù a máa ti ọlọ́mọlanke. Ìdí nìyí tí a fi ń so ṣéènì sí abẹ́ rẹ̀, tí a ń jù sílẹ̀ kí ó lè máa họ ilẹ̀. Bí irin etí síkì bá kú, bí ẹ̀ṣọ́ bá sì yọ̀, ẹni méjì ni yóò kọlu igi.

Òwúrọ̀ ni ó tún burú jù. Kí oníbàárà tó jí, ẹ̀ṣọ́ ti wà lórí òkè, ó ń wo ibi tí ó ti dì lóru, ó ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ń ta okùn dí ibi eléwu. Kò sí ẹni tí ó ṣíwájú rẹ̀ tí yóò kìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn 1950, tí Wayne Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi di òjò dídì, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tún kún wọn. Òru ni tiwọn, nítorí òru ni òtútù ń mú jù. Wọ́n ń fa rọ́bà omi ńlá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi tí ó bá ta sí ara wọn a dì mọ́ aṣọ, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn a di dígí. Irin ṣóṣóró ni wọ́n ń so mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Nígbà mìíràn, òkè fúnra rẹ̀ ni ó ń wó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1982, ìjì mú kí wọ́n ti ibùdó Alpine Meadows ní California fún àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Òjò dídì ya lulẹ̀, ó wó ilé mọ́ wọn lórí, ènìyàn méje sì kú. Ọ̀kan ni Bernie Kingery, olórí iṣẹ́ orí òkè níbẹ̀. Anna Conrad, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọmọ ọdún 22, wà lábẹ́ àwókù fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó yọ ọ́ láàyè. Òtútù ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé ọ̀kan.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, èló ni wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ yìí? Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Dole kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, títí dòní sì ni àwọn olùyọ̀ǹda ara pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ oúnjẹ ni fún ti sọ tẹnu wọn. Ní Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah, nǹkan bí 200 ẹ̀ṣọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2024, ní ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an tí èrò pọ̀ jù. Dọ́là 21 fún wákàtí kan ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gbà. Wọ́n ní kí ó di 23. Púpọ̀ nínú ọ̀nà orí òkè kò ṣeé ṣí, àwọn tí ó ti sanwó tò gígùn nídìí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè, inú sì ń bí wọn. Ìjà náà kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ẹ̀ṣọ́ gba dọ́là méjì náà, wọ́n sì padà sí orí òkè ní kùtùkùtù, pẹ̀lú ọ̀pá àti okùn wọn.