Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ

Ẹni tó bá mọ Ìta Tinúbú l'Ékòó dáadáa ṣáájú ọdún 2016 kò ní gbàgbé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ilojo Bar là ń pè é. Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Àmọ́ ní ọjọ́ Àìkú, 11 September, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Ẹ lè ní, "Ṣé nítorí ògbólógbòó ilé kan lo ṣe ń pariwo?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ná.

Nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àwọn kan ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Bahia ní 1835, ayé nira níbẹ̀ fún gbogbo aláwọ̀ dúdú, títí kan àwọn tó ti gbòmìnira. Ọ̀pọ̀ bá wọkọ̀ ojú omi, wọ́n dorí kọ ilé. Àwọn tó gúnlẹ̀ sí Èkó la mọ̀ sí Àgùdà, àdúgbò wọn sì ni Pópó Àgùdà. Títì Tòkunbọ̀ tó wà níbẹ̀ títí dòní, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn náà tán: láti òkè òkun ni wọ́n ti bọ̀.

Wọn kò bọ̀ lọ́wọ́ òfo o. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ wo João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré. Ó padà dé, ó kọ́lé sí Kakawa, ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, ó sì ń ta omi fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Ọmọ rẹ̀, Candido, wá lówó débi pé tí wọ́n bá bu owó ńlá lé ará Èkó, á ní, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?"

Ẹ ò rí i pé àwọn ilé yẹn kì í ṣe òkúta lásán? Ẹ̀rí ni wọ́n pé ẹni tí wọ́n tà bí ọjà padà wálé, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tún ìlú ṣe.

Ta ló wá jẹ̀bi? Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó àdúgbò àtijọ́ ní àárín Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1913 náà ti lọ. Tuntun tí wọ́n ṣí ní 1988 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tó nilé kò rọrùn. Òrùlé ń jò, ọmọ-ọmọ ti pọ̀, owó ilẹ̀ Èkó sì wọ́n bí ojú. Ìjọba ní ẹ má wó o, àmọ́ kò fún wọn ní kọ́bọ̀ tí wọ́n á fi pààrọ̀ páànù. Òfin tí kò lówó nínú, ṣé òun ló máa gbé ògiri dúró? Ẹni tó bá ní kí ìdílé tọ́jú ohun ìní gbogbo wa, àfi kó bá wọn dá sí i.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A lè kọ́ ilé alájà ogún lónìí, a ò lè kọ́ èyí tó ti lo 160 ọdún láyé.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó. Ẹ béèrè ìtàn ilé lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá wó gbogbo ilé tán, kí la fẹ́ máa wò ká tó sọmọ lórúkọ?