Ìyá oníṣu, òṣìṣẹ́ láíbìrì àti gúrúùpù WhatsApp



Bí ẹ bá lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, tí irú èyí tí ẹ fẹ́ ò sí lórí àtẹ ìyá tí ẹ bá, kò ní sọ pé òun ò ní. Á ní, "Ẹ dúró, ó ń bọ̀." Á rán ọmọ sí ìsọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ tó mọ̀, iṣu ti dé. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ń fi fóònù ṣe lónìí nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é kí fóònù tó dé ọwọ́ wọn.

Èmi náà ò mọ̀ o. Mo fẹ́ ṣe fídíò lórí ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, ọjọ́ tí ìjọba Murtala Muhammed pín Western State sí Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, tí Àkúrẹ́ tiwa di olú-ìlú. Mo wá ìwé ìròyìn ìgbà náà dé ilé ìkàwé kan, kò sí. Ìyá tó wà nídìí tábìlì ní, "Ọmọ mi, fi nọ́ńbà ẹ sílẹ̀." Mo rò pé ó fẹ́ fi ọgbọ́n lé mi ni. Mo bá gba Ọjà Ọba lọ ra ata. Mi ò tíì san owó ata tán tí fóònù mi fi dún: fọ́tò ojú ewé ìwé ìròyìn, láti Ìbàdàn! Ó ti bèèrè nínú gúrúùpù WhatsApp wọn, ẹnì kan tí kò rí mi rí ló dìde lọ yà á.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ọ̀rọ̀.

Ìbàdàn náà ló ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1953, UNESCO pe ìpàdé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò ní Áfíríkà, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ. Àwọn tí kálukú wọn ń dá tọ́jú ìwé ní ìlú tiẹ̀ wá jókòó pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ta ló máa fẹ́ kí irú ẹ̀ parí síbẹ̀? Ní 1954, wọ́n dá West African Library Association sílẹ̀. John Harris tó ti New Zealand wá darí láíbìrì University College Ìbàdàn ní 1948 wà nídìí ẹ̀, Kalu Okorie tó ṣiṣẹ́ láíbìrì ní Enugu náà sì wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, WALA News, tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ara wọn. Lójú tèmi, gúrúùpù wọn nìyẹn, àfi pé ìdáhùn lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó dé. (Kò sì sí ẹni tó ń fi fọ́tò òdòdó kí wọn "good morning." Wọ́n gbádùn!)

Ní 1962, Ghana lọ tiẹ̀, Nàìjíríà náà lọ tiẹ̀, Nigerian Library Association sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sórí Yahoo Groups. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ìwé, tí wọ́n ń kéde ìpàdé, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ní 2019, Yahoo ní òun máa pa gbogbo ohun tó wà lórí Groups rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá. Ẹ ò rí nǹkan! WALA News ti ọdún 1954, ìwé ni, ó ṣì wà lórí pẹpẹ láwọn láíbìrì kan. Ọ̀rọ̀ ọdún 2008 ńkọ́? Àwọn tó ń bá gbogbo wa tọ́jú ìrántí, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kó tiwọn sí.

Mo padà lọ kí ìyá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ohun tí wọ́n kọ sínú gúrúùpù lọ́jọ́ náà, kí n fi sínú fídíò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pààrọ̀ fóònù.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí rèé: ìmeèlì Yahoo Groups máa ń wọ àpótí ẹni tó bá wà nínú gúrúùpù. Bí màmá yín, bùọ̀dá yín tàbí àǹtí yín bá ṣiṣẹ́ láíbìrì nígbà yẹn, l'Ákùúrẹ́ o, l'Óńdó o, níbikíbi, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ìmeèlì àtijọ́ wọn ṣì ń ṣí. Kí wọ́n má pa nǹkan kan rẹ́. DM mi wà ní ṣíṣí.