Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Bátìrì?

Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ìpọ́njú kí ènìyàn yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí ẹ́ńjìnnì má dáhùn. Mẹkáníìkì á ní bátìrì ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Owó kékeré kọ́ ni. Ṣé ó kú lóòótọ́ ni, tàbí iná ni ó tán nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ tí a lè dá iná padà sínú rẹ̀. Ní 1881, Camille Faure, ará Faransé bákan náà, mú un sunwọ̀n sí i. Síbẹ̀, nígbà tí mọ́tò kọ́kọ́ dé, ọwọ́ ni a fi ń jí i. Irin kan ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, tí wọn a sì máa yí i tagbára-tagbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta irin náà padà, apá lè ṣẹ́. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò irin yìí, Cadillac ti ọdún 1912 sì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra mọ́tò. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti ń ru ẹrù wúwo.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni háídírómítà, ìgò gbọọrọ olórí rọ́bà tí a fi ń fa omi bátìrì. Ásíìdì wúwo ju omi lọ. Bí iná ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń fúyẹ́. Bí bátìrì bá kún, yóò kà tó 1.265; bí ó bá gbẹ, yóò sún mọ́ 1.120. Bí ilé kan nínú mẹ́fà bá kéré gan-an sí àwọn yòókù, àìsàn wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò wúlò fún bátìrì tí a dì lẹ́nu pa.

Ẹlẹ́rìí kejì ń ka fólítì. 12.6 ni ti bátìrì tó kún, 12.0 ni ti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n a kì í mọ alágbára lórí ìjókòó. Bátìrì tó ti gbó lè ka 12.6, kí ó sì ṣubú nígbà tí ẹrù bá dé.

Nítorí náà ni ẹlẹ́rìí kẹta ṣe ń gbé ẹrù kà á lórí: ìdajì agbára ìjí-mọ́tò tí a kọ sára bátìrì, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí ojú ọjọ́ kò bá tutù, fólítì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá 9.6. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná kún bátìrì náà, kí a má baà dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Ní àwọn ọdún 1970, Keith Champlin ti Yunifásítì Minnesota rí ọ̀nà kẹrin: iná kékeré ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń rán kọjá nínú bátìrì láti mọ bí ọ̀nà ti là tó nínú rẹ̀. Kò gba àkókò, kò sì fa iná tán. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ iye agbára bátìrì náà ní àṣìtẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ yóò wọ́.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń jí mọ́tò lónìí ń fi iye ámpíà ńlá yangàn lára páálí. Ìgbà kúkúrú gan-an ni púpọ̀ nínú iye náà ń wà. Èyí tí ó lè gbé dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìdánwò, ẹ gbé e lé bátìrì tí ẹ mọ̀ pé ó dára, kí ẹ tún gbé e lé èyí tí ẹ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Bí ó bá sọ ohun kan náà nípa méjèèjì, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á.